Bọ́ọ̀lù Ireland lórí Tẹlifíṣọ̀n: Ìdí tí Ìdíje Kékeré fi Rọrùn láti Wò Lókè Òkun ju Ńlá Lọ

Ẹni tó bá kúrò ní Ireland lọ gbé ní Toronto, ní Èkó tàbí ní Sydney, tí ó sì fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù ilé lórí tẹlifíṣọ̀n, yóò tètè bá ohun kan pàdé tó lè rú u lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó lè jókòó nínú yàrá rẹ̀ kí ó wo St Patrick's Athletic àti Sligo Rovers láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ èèyàn péré ló wá wò wọ́n ní pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè Ireland bá ń wá ọ̀nà àtidé Ife Àgbáyé, tí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ará Dublin, ojú ẹ̀rọ rẹ̀ yóò máa sọ fún un pé kò sí àyè láti wo èyí ní orílẹ̀-èdè tí ó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, tàbí pé owó tí àwọn san kò wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe ń ta ẹ̀tọ́ láti fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ hàn ló fà á: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ olùwòran bá wà ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń wò, wọn kì í wo ìwé ìrìnnà rẹ̀ tàbí ìlú tí wọ́n ti bí i.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya àwọn bọ́ọ̀lù náà sọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ ti ibẹ̀ wá. Bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ wà ní Ireland, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù 15 máa ń gbá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, tí góòlù kan sì ń jẹ́ máàkì mẹ́ta. Àjọ GAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Thurles ní oṣù kọkànlá ọdún 1884, ló ń darí rẹ̀, àṣekágbá ìdíje rẹ̀ tó tóbi jù lọ sì máa ń wáyé ní Croke Park, pápá tó gba èèyàn tó lé ní 82,000. Èkejì ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí gbogbo ayé mọ̀, àjọ méjì ló sì pín èyí mọ́ra lórí erékùṣù kan ṣoṣo náà: IFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Belfast ní 1880, ló ni ti Àríwá Ireland, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Ìlú Ọba, FAI, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Dublin ní 1921, ló ni ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland. Nítorí náà ni ikọ̀ orílẹ̀-èdè fi jẹ́ méjì, tí líìgì náà sì jẹ́ méjì. Ààlà wọn kò tilẹ̀ gún régé, nítorí ẹgbẹ́ Derry City, tí pápá rẹ̀ wà lábẹ́ Ìlú Ọba, ti ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú líìgì ti Dublin láti 1985. Ẹni tó bá ń wá eré Derry lórí ìkànnì tó ra líìgì Belfast yóò wá a títí, kò ní rí i.

Àwọn àjọ tí mo dárúkọ wọ̀nyí, tàbí àwọn tí wọ́n fún láṣẹ, ló ni àwòrán ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, àwọn ló sì ń tà á fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ta èso orí igi àgbàlùmọ̀ nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè lóye ọjà yìí. Onígi kì í ta igi rẹ̀. Èso ọdún náà ni ó ń tà, oníṣòwò kan á sì san owó rẹ̀ kí èso tó pọ́n. Láti ọjọ́ tí owó ti dé ọwọ́ onígi, ọmọ rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ ká èso kan lórí igi náà títí àsìkò yóò fi kọjá. Bí ó bá wu oníṣòwò, ó lè ká a lọ sọ́jà. Bí kò bá wù ú, ó lè fi í sílẹ̀ kí ó jábọ́ kí ó sì rà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iléeṣẹ́ kan ṣe lè ra ẹ̀tọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ireland fún orílẹ̀-èdè yín, kí ó má sì fi í hàn, síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má lè fi í hàn yín.

Kókó yìí ló jẹ́ kí líìgì ilé, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní League of Ireland, rọrùn fún ará òkè òkun. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀, bíi Shamrock Rovers ti Tallaght, Bohemians ti Dalymount Park, Shelbourne ti Tolka Park, Dundalk, Cork City àti Galway United, kò lókìkí púpọ̀ lẹ́yìn odi. Kò sí iléeṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà tàbí ní Nàìjíríà tó ń bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀tọ́ wọn. Níwọ̀n bí kò ti sí olùrà, èso wà lórí igi, onígi fúnra rẹ̀ sì lè ká a kí ó sì tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn pápá ní ọdún 2020, FAI bá RTÉ, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ireland, àti GAAGO, ètò tó ń fi eré GAA hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dá ètò WATCHLOI sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè máa sanwó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ní 2022, LOITV gba ipò rẹ̀. Ohun tí ó ṣe mí ní kàyéfì nígbà náà ni pé àwọn tó wà lókè òkun ni wọ́n ṣí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Premier Division sílẹ̀ fún. Ará Dublin lè sanwó wo First Division, tí í ṣe ìpele kejì, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ wo ìpele àkọ́kọ́, àfi kí ó dúró de èyí tí tẹlifíṣọ̀n bá yàn, tàbí kí ó gbéra lọ sí pápá. Ìdí rẹ̀ ni pé owó àbáwọlé ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń jẹun. Ẹni tó ń gbé ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí Tolka Park lè jókòó sílé tí òjò bá ń rọ̀, bí ó bá lè fi owó kékeré wo eré náà lórí fóònù. Ẹni tó wà ní Melbourne kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kankan tí ì bá rà tẹ́lẹ̀, nítorí náà owó tó bá san jẹ́ èrè gidi fún wọn.

Mo gba ẹni tó ń wo líìgì yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ níyànjú pé kí ó má retí irú àwòrán tó máa ń rí nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Richmond Park, pápá St Patrick's Athletic ní àdúgbò Inchicore, ilé àwọn èèyàn ló yí pápá ká, àyè kò sì gbòòrò. Bí kámẹ́rà bá ti yí díẹ̀, òrùlé ilé àti ògiri ẹ̀yìnkùlé ni yóò kún ojú ẹ̀rọ. Kámẹ́rà kì í pọ̀, ẹni tó ń sọ bí eré ṣe ń lọ sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì gan-an. Èmi kò ka èyí sí àbùkù. Ariwo àwọn tó dúró lẹ́yìn góòlù máa ń wọ etí olùwòran ní kedere ju bí ó ṣe ń rí ní pápá ńláńlá lọ, ẹni tí àárò ilé bá sì ń sọ yóò mọ ohun tí èyí jẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà pátápátá nígbà tí ó bá kan ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Tẹ́lẹ̀ rí, FAI fúnra rẹ̀ ló ń ta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Ireland bá gbá nílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìdíje àtiyege fún Euro 2016 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ti kó ẹ̀tọ́ gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ sójú kan, ó sì ń tà wọ́n papọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kékeré jàǹfààní, nítorí owó tó dájú ń wọlé fún wọn bí wọ́n bá gbá dáadáa tàbí wọn kò gbá dáadáa. Àmọ́ olùwòran tó wà lókè òkun pàdánù nǹkan kan: iléeṣẹ́ tó bá ra ẹrù ńlá yìí fún orílẹ̀-èdè kan kò rà á nítorí Ireland, nítorí Faransé, Jámánì, Sípéènì àti Pọtogí ló ṣe rà á, Ireland kàn wà nínú ẹrù náà ni. Ní Amẹ́ríkà, Fox ni ó ra ẹrù náà láti 2022. Ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, SuperSport, tí à ń wò lórí DStv, ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní Ìlú Ọba, Viaplay ló fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland hàn fún ọdún mélòó kan, owó sì ni wọ́n fi wò ó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ní Dublin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Nàìjíríà lọ sí Ireland ti wọ ikọ̀ náà, orúkọ àwọn kan nínú wọn sì ń jẹ́rìí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀: Andrew Omobamidele tó dàgbà ní Leixlip, Bosun Lawal, àti Michael Obafemi tí wọ́n bí ní Dublin. Nínú líìgì ilé náà, Jonathan Afolabi ti Bohemians ló jẹ góòlù jù lọ ní Premier Division ní ọdún 2023. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ireland na Scotland ní 3–0 ní Dublin, Obafemi sì ta bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn tí ó lọ tààrà sínú àwọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn góòlù tó dára jù tí Ireland jẹ ní ọdún náà. Ìbátan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn, tí ó sì ti san owó DStv rẹ̀, lè rò pé dandan ni kí òun rí i. Kò dájú. Nínú alẹ́ kan ṣoṣo, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè máa lọ lọ́wọ́ ní Yúróòpù, iléeṣẹ́ náà kò sì ní ìkànnì tí yóò gba gbogbo wọn. Bí Pọtogí àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wà lórí pápá ní wákàtí kan náà, Ireland lè má rí ìkànnì kankan, a sì lè fi í sí orí ìkànnì tí kò sí nínú owó tí olùwòran san. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè pé ta ló ra ẹ̀tọ́ nìkan. Ẹ wo ètò ọjọ́ náà gan-an lójú ìwé iléeṣẹ́ yín, ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, nítorí ìgbà náà ni wọ́n máa ń tó pinnu.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé èyí ni pé: níwọ̀n bí RTÉ ti ń fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ireland hàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí èèyàn kò kàn lè ṣí RTÉ Player? Ìtàn ọ̀fẹ́ náà yẹ ní mímọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2002, kété lẹ́yìn Ife Àgbáyé tí Ireland ti ṣe dáadáa ní Japan àti Kòríà, FAI kéde pé òun ti ta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé ikọ̀ náà fún Sky, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò bá sanwó fún Sky kò ní rí i lójú ẹsẹ̀. Inú bí àwọn èèyàn gidigidi. Òfin kan ti wà láti 1999 tó fún ìjọba láṣẹ láti yan àwọn ìdíje pàtàkì tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2003, wọ́n fi kún agbára òfin náà, wọ́n sì fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àtiyege ikọ̀ Ireland sínú àkọsílẹ̀ náà, pẹ̀lú àṣekágbá All-Ireland, ìdíje GAA tó tóbi jù lọ. Mo gbà pé ohun rere ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n òfin Ireland kò kọjá etíkun Ireland. Ọ̀fẹ́ tó ṣèlérí jẹ́ ti ẹni tó wà nínú ilé, kò sì fún ọmọ Ireland tó wà ní Boston ní ẹ̀tọ́ kankan, kódà bí ẹbí rẹ̀ bá ń san owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n, €160 lọ́dọọdún, ní Galway. Ẹ̀tọ́ ti Ireland nìkan ni RTÉ rà. Bí ó bá jẹ́ kí àwòrán náà dé Boston, ọjà Fox ni ó ń bàjẹ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣí RTÉ Player ní Ìbàdàn yóò fi rí ìròyìn aago mẹ́sàn-án láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n bí eré bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwòrán á lọ, àkọlé kan á sì jáde pé ètò náà kò sí ní agbègbè rẹ̀. Nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò ló tú u fó. Wọ́n ti ń ṣe irú ìṣọ́ra yìí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀ pàápàá. Àwọn ìkànnì RTÉ tó wà lórí sátẹ́láìtì Sky ní ìdènà, nítorí ìtànṣán sátẹ́láìtì náà bo Ìlú Ọba mọ́ Ireland. Nígbà tí RTÉ sì fẹ́ lo sátẹ́láìtì láìfi ìdènà sí i, sátẹ́láìtì tí ìtànṣán rẹ̀ dín, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá erékùṣù náà, ni wọ́n yàn fún Saorsat, ètò sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ tiwọn.

Ti GAA dá yàtọ̀ díẹ̀, ó sì dára fún ará òkè òkun. Bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ kò sí lábẹ́ UEFA, àwọn ọmọ Ireland tó fọ́n káàkiri ayé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá a lẹ́yìn odi. New York àti London tilẹ̀ ní ikọ̀ tiwọn nínú ìdíje àgbègbè Connacht, New York sì lé Leitrim, ikọ̀ kan láti Ireland, jáde ní 2023 ní Gaelic Park ní Bronx. Ní 2014, GAA àti RTÉ dá GAAGO sílẹ̀ láti máa ta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún àwọn tó wà lókè òkun. Nígbà tí Sky yọ ọwọ́ lẹ́yìn sáà 2022, GAAGO bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan fún ará ilé pẹ̀lú, ìbínú sì tún sọ nílé. Ní 2025, GAA nìkan ló ń dá a ṣe lábẹ́ orúkọ tuntun, GAA+. Bí ẹ bá rí orúkọ GAAGO nínú ìmọ̀ràn àtijọ́, GAA+ ni kí ẹ wá. Ní ti ilé ọtí àwọn ọmọ Ireland tó wà nílùú yín, ẹ má bínú bí wọ́n bá gba owó àbáwọlé ní ọjọ́ ìdíje: owó tí èèyàn ń san láti wò ó nínú ilé rẹ̀ kò bo ibi tí èrò ń pọ̀ sí, owó ọ̀tọ̀ tó wúwo ni onílé ọtí ń san.

Àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù máa ń sọ pé ọjà kan ṣoṣo ni àwọn orílẹ̀-èdè náà jẹ́, nítorí náà kò yẹ kí ààlà wà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé kóòtù rí. Karen Murphy, tó ni ilé ọtí ní Portsmouth, lo káàdì dékódà láti Gíríìsì láti máa fi líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn, ní 2011 sì ni kóòtù gíga jù ti Yúróòpù dájọ́ pé kò bófin mu láti ka rírà irú káàdì bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ìṣọ̀kan náà léèwọ̀. Ìdájọ́ náà kò fi ọ̀ranyàn mú iléeṣẹ́ kankan láti ta ọjà rẹ̀ fún ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2018, òfin mìíràn ti wà: ẹni tó ń gbé ní Cork, tí ó ń sanwó fún ètò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè máa wo ètò náà bí ó bá lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní Lisbon. Ẹ kíyè sí ohun tí òfin náà kò ṣe. Ìrìn àjò ni ó wà fún, kò wà fún ẹni tó ti kó lọ gbé ní Lisbon. Ètò tí a ń sanwó rẹ̀ ni ó mú ní dandan, ètò ọ̀fẹ́ lè yàn láti má tẹ̀lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021 sì ni kò ti kan Ìlú Ọba mọ́.

Ọ̀pọ̀ a wá sáré lọ sídìí VPN, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà ní Èkó dà bí ẹni pé Dublin ni ó wà. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé ara lé e. Ó lòdì sí àdéhùn tí oníbàárà bá iléeṣẹ́ ṣe, àwọn iléeṣẹ́ náà sì mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà tí VPN ń lò, wọ́n sì ń dí wọn. Ẹni tí ó ti sanwó, tí wọ́n dí mọ́ ní ìṣẹ́jú ogún sí ìparí eré, kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago, tó ti ba eré jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Láti 2003 ni líìgì Ireland ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó sì ń parí nígbà tí òtútù bá tún dé. Lónìí, láti oṣù kejì sí oṣù kọkànlá ni. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago Dublin àti ti Èkó dọ́gba, nítorí Ireland ti sún tirẹ̀ síwájú. Ní àsìkò tó kù, wákàtí kan ni Èkó fi ṣáájú, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní New York, aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àfi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù kẹta tí Amẹ́ríkà ti yí aago rẹ̀ ṣáájú Yúróòpù, àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù kẹwàá tí Yúróòpù ti yí tirẹ̀ ṣáájú Amẹ́ríkà, tí eré á sì bọ́ sí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó wà ní Sydney ní láti jí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta ní àárín ọdún. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó sáà kan odindi, ẹ kọ́kọ́ ra ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo bí wọ́n bá ń tà á bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó lórí ẹ̀rọ àti íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa lò gan-an, kí ẹ sì rí i pé ìdíje tí ẹ fẹ́ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tí ẹ wà.